Ẹni Tó Fọ Àwo Irínwó Lé Méjìlá

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n ní kí Akọ̀wé wá fi dípò ẹni tó gba ìsinmi. Ẹni tó gba ìsinmi náà kò padà dé. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ló di ọdún mọ́kàndínlógún, tí Akọ̀wé sì di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta lórí àga ẹlòmíì. Lójú ìwé ilé iṣẹ́, òṣìṣẹ́ onígbà-díẹ̀ ni. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń fún un ní ìwé pé kó máa bá iṣẹ́ lọ títí ẹni tó ni àga yóò fi dé, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ni àga ti kú láti ọdún kọkànlá. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló fi ìwé ikú ọkùnrin náà sínú síìdì.

Iṣẹ́ tó ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ìwé ìbí, ìwé ikú, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ilé gbogbo ará ìlú pamọ́ sí. Nígbà kan, àwọn ọ̀gá àgbà pàṣẹ pé kí wọ́n ya àwòrán gbogbo ìwé wọ̀nyẹn sínú síìdì, kí wọ́n sì dáná sun ìwé. Wọ́n dáná sun ún. Àwo síìdì irínwó lé méjìlá ló kù, nínú àpótí mẹ́rin, nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, lábẹ́ àjà tó ń jò. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn lẹ́bẹ́lì wọn gbẹ, lẹ́bẹ́lì bọ́. Eku jẹ àpò bébà tí wọ́n wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó lè ṣí àwọn àwo náà kú. Ẹ̀rọ mìíràn kò lè ṣí wọn, nítorí pé wọ́n ti tì wọ́n pa kí ayé má baà rí wọn jí, inú ẹ̀rọ tó kú yẹn ni wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ wọn sí. Ó ti di ọdún mẹ́fà.

Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá nílò ìwé rẹ̀, Akọ̀wé á wá àwo tí ìwé náà wà nínú rẹ̀, á fi yá a. Ẹni náà á gbé e dé ilé iṣẹ́ tó béèrè ìwé. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á gbé àwo sókè sí ìmọ́lẹ̀, á rí i pé àwo ni lóòótọ́, á lu òǹtẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wo inú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè wo inú rẹ̀.

Síbẹ̀, Akọ̀wé kò fún ẹnikẹ́ni ní àwo tí kì í ṣe tirẹ̀ rí. Ìlà ara wọn ló fi mọ̀ wọ́n. Ọdún mẹ́tàlá gbáko tí ẹ̀rọ fi wà láàyè ló fi ń tì wọ́n bọ̀ ọ́ lẹ́nu, tó ń yọ wọ́n, títí ojú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti fara pa fi dà bí ojú èèyàn lójú rẹ̀. Èyí tó ní ìlà mẹ́ta bí ẹni pé ológbò fi èékánná fà á, àwọn tí wọ́n bí lọ́dún tí afárá já ni. Èyí tí ìlà rẹ̀ ká bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀, ìwé ìgbéyàwó ni. Èyí tó dà bí ẹni pé wọ́n wọ́ ọ lórí òkúta, ìwé ikú ọdún tí omi ya wọ ìlú ni. Á gbé àwo sábẹ́ gílóòbù, á yí i lẹ́ẹ̀kan, á ní, "Òun nìyí."

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ mọ̀ pé lọ́jọ́ tí Akọ̀wé bá kẹ́rù rẹ̀, òkìtì ike ló kù. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi lé e. Ìdí nìyẹn náà tí wọn kò fi fún un ní lẹ́tà ìfìdímúlẹ̀: ẹni tí kò lè lọ, kí ni wọ́n fẹ́ fi lẹ́tà dì í mú fún?

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ni Ọ̀gá ránṣẹ́ pè é.

"Jókòó, Akọ̀wé."

Akọ̀wé kò jókòó. Òṣìṣẹ́ onígbà-díẹ̀ kì í jókòó ní ọ́fíìsì Ọ̀gá. Òfin ni, Ọ̀gá náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn fẹ́ràn láti máa sọ ọ́ ni.

Ọ̀gá gbé ìwé kan tó ti olú ilé iṣẹ́ wá sójú, ó kà á. "'Àwo tó bá ní ìlà lára, òkú àwo ni. Ẹ̀ka tí òkú àwo rẹ̀ bá ju mẹ́wàá lọ kò gbọdọ̀ fìdí òṣìṣẹ́ kankan múlẹ̀ láéláé. Olùbẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.'" Ó sọ ìwé kalẹ̀. "Mélòó nínú tiwa ló ní ìlà?"

"Gbogbo wọn ni, sà."

"Lẹ́tà rẹ rèé lábẹ́ ọwọ́ mi. Wò ó dáadáa. Orúkọ ta nìyẹn? Ohun tó kù ò ju kí olùbẹ̀wò fọwọ́ sí i. Lọ tún àwo wọ̀nyẹn ṣe."

"Níbo, sà? Wọ́n ti gé omi wa. Òfin sì ni pé omi ò gbọdọ̀ wọ yàrá àwo."

"Gbé wọn lọ sílé."

"Òfin ni pé àwo ò gbọdọ̀ jáde ju ẹyọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan, sà."

"Mo fún ọ láṣẹ."

"Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, sà."

Ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀. Kò fọwọ́ sí i. "Bí wọ́n bá dá ọ dúró lọ́nà," ó ní, "èmi ò mọ̀ ọ́ rí."

Báyìí ni Akọ̀wé ṣe wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú báàgì ìrìn àjò méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fa èjìká rẹ̀ ya. Ilé yàrá méjì ni, pẹ̀lú ọ̀ọ̀dẹ̀ tóóró kan. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀, tó fi ọgbọ̀n ọdún fọṣọ fún èèyàn kí orúnkún tó dá a dúró, jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ wọn obìnrin, tó ti gboyè jáde ní yunifásítì láti ọdún mẹ́ta, ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ kẹtàlélọ́gọ́rin.

"Kí lẹ kó dé yìí?" ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Gbogbo ìlú," Akọ̀wé ní.

Ó ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Ìyàwó rẹ̀ yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu. "Ọdún mọ́kàndínlógún lẹ ti jókòó síbẹ̀, ìdí yín ò tíì kanlẹ̀?"

"Bó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á kanlẹ̀."

"Dádì," ọmọ wọn ní, "bí àwo bá mọ́, tí kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣí i, kí ló yàtọ̀?"

"Ó mọ́ ni ìyàtọ̀," Akọ̀wé dá a lóhùn.

Kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́ náà. Àwọn ará àdúgbò ló máa ń gbé síìdì fíìmù wá bá a, àwọn èyí tí ọmọ wọn ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí tí wọ́n ti fi gbé oúnjẹ fún adìyẹ, òun a sì tún un ṣe lórí tábìlì ìjẹun ní ọjọ́ Àìkú. Ti ilé iṣẹ́ nìkan ni kò tún ṣe rí, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò ní kó tún un ṣe.

Ọ̀nà rẹ̀ kì í yẹ̀. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ̀kán ọṣẹ ìfọ-abọ́ kan, kí eruku kọ́kọ́ kúrò, nítorí pé ẹni tó bá nu àwo eléruku, ìlà tuntun ló ń dá sí i. Lẹ́yìn náà, ọṣẹ ìfọyín, funfun ni, kì í ṣe èyí tó ń dán bí omi. Wọ́n á fi aṣọ òwú tó ti gbó tó rọ̀ mú ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á máa fà á láti ihò àárín lọ sí etí, gbọnrangandan, wọn kò gbọdọ̀ yí i po. Ìlà tó bá jìn, wọ́n á fi ìda àbẹ́là dí i, wọ́n á sì nù ún títí yóò fi dọ́gba. Tó bá gbẹ, ó di tuntun.

Ó pín iṣẹ́. Ìyá wà nídìí omi. Òun wà nídìí ọṣẹ ìfọyín. Ìyàwó rẹ̀ ń nù. Ọmọ wọn ń sá wọn, ó sì ń kà wọ́n.

"Ìyá, ẹ má yí i po bí ìdí ìkòkò," Akọ̀wé ní. "Láti àárín lọ sétí."

"Àna mi, mo ti ń fọ nǹkan kí wọ́n tó bí ọ."

"Aṣọ lẹ fọ̀, Ìyá. Èyí kì í ṣe aṣọ."

"Ìdọ̀tí ò mọ orúkọ ohun tó lẹ̀ mọ́." Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á láti àárín lọ sétí, pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí.

Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọṣẹ ìfọyín tán lọ́wọ́ wọn. Akọ̀wé ra mẹ́wàá. Ó tún padà lọ ra mẹ́wàá. Nígbà kẹta, obìnrin tó ń tà á wo ẹnu rẹ̀ fínnífínní. "Bàbá, mi ò fẹ́ ṣe àtojúbọ̀," ó ní, "ṣùgbọ́n eyín mélòó lẹ ní nínú ilé yẹn?"

Àwo kún orí bẹ́ẹ̀dì. Ó kún orí àga, orí ẹ̀rọ ìránṣọ, etí fèrèsé, orí àtẹ̀gùn. Wọ́n ti okùn bọ ihò àwọn kan, wọ́n so wọ́n kọ́ sí àgbàlá, oòrùn sì ń ta lára wọn lọ sí ilé onílé. Aládùúgbò kan, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé ìfowópamọ́ lóru tó sì ń fi ọ̀sán sùn, wá kan ilẹ̀kùn. Ó ní oòrùn mọ́kànlá ló wà lórí àjà yàrá òun, òun sì fẹ́ kí wọ́n wá kó wọn. Ìyàwó Akọ̀wé bẹ̀ ẹ́. Wọ́n yí àwo padà, oòrùn mọ́kọ̀ọ̀kànlá sì ṣí lọ sọ́dọ̀ oníbàtà òdìkejì, ẹni tó kàn gbé àpótí iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìmọ́lẹ̀ náà, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Wọ́n jẹun lórí ìdúró. Gbogbo ilé ń rùn bí ẹnu ẹni tó fẹ́ lọ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ lójúkojú.

Inú Akọ̀wé dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá ti gbé àwo kan, á kọ́kọ́ kí i kó tó fi ọṣẹ kàn án. "Ẹ̀yin tí wọ́n bí lọ́dún tí afárá já, ẹ káàbọ̀." Aṣọ á lọ, aṣọ á bọ̀, èékánná ológbò á pòórá. "Ẹ̀yin onígbéyàwó, ó tó yín kàn." Ìrù ẹlẹ́dẹ̀ á nà, á parẹ́. Báyìí ló ṣe ń pè wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìṣì wọ́n pè, tó sì ń tì wọ́n sí apá ọ̀tún kí wọ́n lè nù wọ́n. Èèyàn mẹ́ta ló jókòó tì í. Ọ̀kan nínú wọn gboyè. Kò sẹ́ni tó mú bírò.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni wọ́n parí. Akọ̀wé ti tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọ wọn ka àwo lẹ́ẹ̀mejì: irínwó lé méjìlá, kò sí ìlà kan lára ẹyọ kan. Akọ̀wé dúró láàárín wọn, ọwọ́ rẹ̀ funfun dé ìgúnpá.

Ìyá gbé ẹyọ kan, ó wo eyín rẹ̀ nínú rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀.

"Àna mi, ojú wo lo máa wá fi mọ̀ wọ́n?"

"Mọ kí ni, Ìyá?"

"Nígbà tí mò ń fọṣọ, ilé mọ́kànlá ni mò ń fọ̀ fún. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun mọ́kànlá á wọ inú omi kan náà, ìyá kan náà ló bí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n kí n tó ki ọwọ́ bọ omi, mo ti fi òwú so ìdí ọrùn wọn. Pupa, ilé tísà. Dúdú, ilé onígẹdú. Bí òwú bá já pẹ́nrẹ́n, mo gbé nìyẹn. Ìwọ, òwú wo lo so?"

Akọ̀wé la ẹnu. "Ìyá, èmi ò nílò òwú. Ìlà ara wọn ni mo..."

Kò parí rẹ̀.

Ó gbé àwo kan, ó yí i lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ó rí iwájú orí kan, imú kan, irùngbọ̀n tí kò fá láti ọjọ́ Jímọ̀. Ó gbé òmíràn. Imú náà ni. Ó gbé bíi ogún sókè, ó gbé wọn kalẹ̀, ní sùúrù, bí ẹni tó ń wá ọmọ rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ iléèwé tó wọ aṣọ kan náà.

"Dádì," ọmọ rẹ̀ ní jẹ́jẹ́, "ẹ ti fọ ìlú nù."

"Wọ́n wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó sọnù." Ohùn rẹ̀ kéré. "Wọ́n kàn jọra ni."

Ìyàwó rẹ̀ fi aṣọ nu ọwọ́. "Ẹ gbọ́. Ẹ̀rọ kò sí. Kọ́kọ́rọ́ kò sí. Bí ẹ bá gbé ti ẹyẹlé fún ẹyẹ àwòdì, ta ló máa mọ̀?"

"Èmi."

"Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ gba lẹ́tà yín. Mo bẹ̀ yín."

Akọ̀wé jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, nítorí pé orí àga kún.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, olùbẹ̀wò dé láago mẹ́sàn-án. Ọ̀dọ́kùnrin ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun sí ọwọ́ kan ṣoṣo, ó mú tọ́ọ̀ṣì sí èkejì. Ó ní kí wọ́n máa gbé wọn wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé ń gbé wọn wá. Olùbẹ̀wò á tan tọ́ọ̀ṣì sí àwo, á ní, "Ìlà?" Ọ̀gá á ní, "Kò sí, sà." Olùbẹ̀wò á fa bírò. Wọ́n ṣe èyí ní ìgbà irínwó lé méjìlá. Nígbà tó tó bí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta, ohùn Ọ̀gá há, ó ń fi orí dáhùn. Olùbẹ̀wò ní orí kò ṣeé kọ sílẹ̀. Wọ́n lọ ra omi fún un.

Láago kan ààbọ̀, ó parí. Ọ̀gá gbé lẹ́tà ìfìdímúlẹ̀ sí iwájú rẹ̀, ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí yóò fọwọ́ sí. Olùbẹ̀wò ṣí bírò.

Akọ̀wé rí orúkọ ara rẹ̀ lórí ìwé náà, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí wọn kò ṣì kọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ rí i bẹ́ẹ̀. Ó sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ èwo mọ́."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́.

"Èwo wo?" olùbẹ̀wò béèrè.

"Èyí tó jẹ́ ti ìbí. Èyí tó jẹ́ ti ikú. Ìlà yẹn ni mo fi ń dá wọn mọ̀, sà. Mo ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́."

Olùbẹ̀wò wo fọ́ọ̀mù rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. "Kò sí àyè fún ìyẹn níbí."

"Ẹ lè kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀, sà."

"Ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù kì í ṣe fọ́ọ̀mù." Kò bínú. Ó ń ṣàlàyé ni, bí ènìyàn ṣe ń ṣàlàyé ọ̀nà fún àlejò. "Ìbéèrè kan ló wà lórí ìwé yìí, bàbá. Ṣé ìlà wà?"

"Ṣùgbọ́n, sà..."

"Ṣé ìlà wà?"

"Kò sí, sà."

"Ẹ ṣeun." Ó fọwọ́ sí i. "Nínú gbogbo ẹ̀ka tí mo ti dé, tiyín ló mọ́ jù."

Nígbà tó lọ tán, Ọ̀gá ti lẹ́tà náà sọ́dọ̀ Akọ̀wé. Kò bá a wí. "Jókòó, Akọ̀wé," ó ní. Akọ̀wé jókòó. Àga náà rọ̀ ju bó ṣe rò lọ, kò sì mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ sí.

Ní ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan wá sí ojú kántà. Ó ti tó ẹni ogójì ọdún, ó wọ aṣọ iṣẹ́ àwọn tó ń gbálẹ̀ ilé ìwòsàn. Ó ní wọ́n fẹ́ gbé òun ga lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí òun mú ẹ̀rí wá pé wọ́n bí òun.

"Ọdún wo ni?" Akọ̀wé béèrè.

"Ọdún tí afárá já."

Akọ̀wé kò dìde. "Ó wà níbí, màdáámù."

"Ẹ bá mi gbé e wá."

"Ó wà nínú ọ̀kan nínú wọn."

Obìnrin náà na ọrùn wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àpótí mẹ́rin wà ní ṣíṣí, gbogbo rẹ̀ ń kọ mànà. "Èwo?"

"Mi ò mọ̀."

Obìnrin náà na ìka sí àpótí. "Ẹ fún mi ní èyí tó bá ń dán jù. Wọ́n á kàn gbé e sókè ni, wọ́n á gbé e kalẹ̀."

"Ó lè jẹ́ ìwé ikú ẹlòmíì ni màá gbé fún yín."

"Kò burú. Ẹni tí wọn ò bí, ṣé ó ń kú ni?"

Akọ̀wé dìde. Ó mú àwo kan nínú àpótí àkọ́kọ́, ó gbé e sábẹ́ gílóòbù, ó yí i lẹ́ẹ̀kan. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbé e dé kántà, ó nà án, obìnrin náà di etí rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n Akọ̀wé kò fi í sílẹ̀. Obìnrin náà fà á díẹ̀. Òun náà fà á. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì, àwo kan láàárín wọn.

"Bàbá, ẹ rọra," obìnrin náà ní níkẹyìn. "Ẹ má jẹ́ kó nílà."

Akọ̀wé fi í sílẹ̀ fún un kíá.